Eré Ìgbafẹ́ Tí Mo Fẹ́ràn Jù Lọ

Onírúurú ni ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbafẹ́ nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń ta ayò, àwọn mìíràn a sì máa ka ìwé ìtàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Gbogbo rẹ̀ ló dára, nítorí pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí èmi fi ń gbafẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín bí mo bá dá yín lóhùn pé bíríkì ìṣeré ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bíríkì ike wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní LEGO ni mo fi ń ṣe ẹ̀rọ. Mo ń fi í ṣe ọkọ̀, mo ń fi í ṣe afárá, mo sì ń fi í ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè. Bí mo bá ṣe é tán, n ó tú u palẹ̀, n ó sì tún un tò lọ́nà mìíràn. Ìgbà kan wà tí mo kọ̀ láti fi àyè títú sílẹ̀ nínú iṣẹ́ mi. Ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè wo àbúrò mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé bíríkì náà fún ẹni tí kò bá tíì fojú kàn án rí. Orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì ni ó ti wá, láti ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Billund. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ole Kirk Kristiansen. Ní ọdún 1932 ni ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí fi igi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Inú ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wọn, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ṣeré dáadáa", ni orúkọ LEGO ti jáde. Nígbà tí ó yá, ike gba ipò igi. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1958, Godtfred, ọmọ rẹ̀, mú ọgbọ́n bíríkì tí a mọ̀ lónìí lọ síwájú ìjọba, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ wọn, kí ẹlòmíràn má baà jí i lò.

Ọgbọ́n náà kò díjú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Kókó róbótó wà lórí bíríkì kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ṣófo, ọ̀pá kúkúrú oníhò sì wà nínú òfìfo náà. Bí a bá tẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì, àwọn kókó ti ìsàlẹ̀ yóò há sí àárín ọ̀pá àti ògiri ti òkè, wọn yóò sì di ara wọn mú gírígírí. Kò sí ìṣó, kò sí gúlù. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ yà wọ́n, ọwọ́ lásán ni a ó fi yà wọ́n, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní í fara pa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1958 ṣì ń wọ èyí tí wọ́n ṣe lónìí. Bí ẹnì kan bá sì mú bíríkì mẹ́fà péré, aláwọ̀ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ, àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ṣírò rẹ̀ pé ọ̀nà tí ó lè gbà tò wọ́n pọ̀ jẹ́ 915,103,765. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré ọmọdé?

Ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ náà tún mú irú mìíràn jáde, èyí tí a wá mọ̀ sí Technic. Èyí ni tèmi. Bíríkì tirẹ̀ gùn, ó sì ní ihò lára. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ rí bí àgbélébùú ni a máa ń kì bọ inú ihò náà, orí ọ̀pá náà ni jíà sì ń jókòó sí. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń lò ó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti bímọ pàápàá a máa jókòó tì í di òru. Wọn a ra páálí ọkọ̀ kan, wọn a tò ó bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ti wí. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà. Wọn a pààrọ̀ jíà, wọn a fi ẹ̀rọ kékeré tí ń lo bátìrì sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ ńlá rọ́pò ẹsẹ̀ kékeré kí ó lè gun òkúta. Lójú tiwọn, ìwé ìtọ́nisọ́nà jẹ́ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó parí sí.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fi tiwa ránṣẹ́ sí wa ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá irú eré bẹ́ẹ̀, ni ó bá da gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan, ó fún ẹnì kan tí ń bọ̀ wálé. Ó kọ ọ́ sára páálí náà gàdàgbà pé, "Ti Ayọ̀ àti Dàpọ̀". Èmi ni Ayọ̀. Dàpọ̀ ni àbúrò mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà kankan nínú páálí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ló sì ti sọnù. Nínú gbogbo jíà tí ó wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ní ogójì eyín. N kò sì mọ ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa tí a ti lè rí òmíràn rà.

Ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń pè ní kíréènì, ni a kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Orí ọ̀pá tí okùn ń wé mọ́ gan-an ni a fi ọwọ́ tí a ó máa yí sí, a sì so agolo tòmátò kan mọ́ ẹnu okùn. Nígbà tí mo yí i, ó le débi pé ìka ń dùn mí. Bí mo sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, gbì ni agolo já lulẹ̀. Bàbá mi, tí iṣẹ́ mẹkáníìkì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ń jẹun lọ́wọ́. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ayọ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fẹ́ gun òkè, jíà wo ni awakọ̀ ń kó o sí?"

Mo ní, "Jíà kìn-ín-ní ni, sà."

"Ó ń sáré bí?"

"Rárá, sà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀."

Ó ní, "Ó parí náà nìyẹn. Eré ni ènìyàn fi ń ra agbára. Ẹ̀rọ kì í fún ni ní méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi jíà eléyín mẹ́jọ sí ọ̀pá tí ọwọ́ ń yí, mo sì fi eléyín mẹ́rìnlélógún sí ọ̀pá okùn. Mo ní láti yí ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọ̀pá okùn tó yí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹrù náà fúyẹ́. Nígbà tí mo fi eléyín ogójì rọ́pò eléyín mẹ́rìnlélógún, yíyí náà di ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún ẹ̀ẹ̀kan, agolo tòmátò sì ń gòkè bí ẹni pé òfìfo ni.

Dàpọ̀ ni ó ṣàkíyèsí ohun tí ó kù. Ó fi rúlà wọn ihò ara bíríkì, ó sì rí i pé mílímítà 8 ni ó wà láti àárín ihò kan dé àárín èkejì. Ó tún rí i pé bí a bá wọn ìbú jíà dé ibi tí eyín rẹ̀ ti ń wọnú eyín ẹlòmíràn, iye eyín rẹ̀ náà ni iye mílímítà rẹ̀. Nítorí náà, kí eléyín 8 àti eléyín 24 tó lè pàdé, ọ̀pá wọn gbọ́dọ̀ fi mílímítà 16 jìnnà síra, èyí tí í ṣe ìlọ́po méjì 8. Eléyín 8 àti eléyín 40 ń fẹ́ mílímítà 24, ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mílímítà 20 ni eléyín 16 àti eléyín 24 ń fẹ́, kò sì sí ihò kankan níbẹ̀ bí a bá tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń fi agbára ti àwọn méjèèjì yìí mọ́ra wọn lásán. Ọmọ ọdún méjìlá ni ó fi rúlà yanjú rẹ̀ fún mi. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ọdún kẹrin mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa kéde pé a ó ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn òbí yóò sì wá wò ó. Èmi àti Dàpọ̀ pinnu láti ṣe kíréènì ńlá, èyí tí ó ga tó ìbàdí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni a tú u. Èkíní tẹ̀ síwájú nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò wúwo tó, ni a bá di òkúta wẹ́wẹ́ sí i lẹ́yìn. Apá èkejì ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, ni a bá dá a ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, onígun mẹ́ta mẹ́ta, nítorí onígun mẹ́ta kì í yẹ̀ bí onígun mẹ́rin. Okùn ẹ̀kẹta lọ́ pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ó ṣiṣẹ́ geere. Inú mi dùn, àfi bí ẹni tí ó kọ́ ilé alájà.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà bí ẹ̀rù. Mo ro ọ̀nà ilé-ìwé, mo ro kòtò àti gegele, mo ro bí ọkọ̀ yóò ti máa sọ wá sókè sódò. Bí ẹyọ kan bá yọ ńkọ́? Bí apá rẹ̀ bá já níwájú àwọn òbí ńkọ́? Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàtẹ, mo lọ ra gúlù líle, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kán an sí gbogbo oríkèé kíréènì náà.

Dàpọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Bọ̀dá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gúlù sí i. Bí nǹkan kan bá ṣe é lọ́hùn-ún, báwo lẹ ó ṣe tú u?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ohun tí ó ti dára, kí ni a tún ń tú u sí?" Mo sì lé e lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, kíréènì náà dé ilé-ìwé láìyẹ̀. Ó dúró ṣánṣán lórí tábìlì, àwọn ènìyàn sì yí i ká. Nígbà tí ó kàn mí, mo so ẹrù mọ́ okùn, mo sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mi, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú láti yí i. Kò yí. Gúlù tí mo kán sí oríkèé ti ṣàn lọ sínú ihò tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, ó sì ti di ọ̀pá mọ́ bíríkì. Àyà mi já. Kàkà kí n sinmi, ńṣe ni mo fi gbogbo agbára mi yí i. Ọ̀pá náà lọ́ bí okùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ kẹ́ẹ́! Eyín méjì ti kán lára jíà eléyín ogójì, ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní.

Olùkọ́ wa kò bínú. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé, "Má bẹ̀rù. Tú u, kí a jọ wo ohun tí ó ṣe é." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ẹ̀gàn lọ. Bí mo bá tú u ni, gbogbo ènìyàn ì bá rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a ó sì tún un ṣe lójú wọn. Ṣùgbọ́n kò ṣe é tú. Ìtìjú bò mí. Kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ, ẹnu mi ti wí pé, "Àbúrò mi ló fọwọ́ bà á lálẹ́ àná, sà." Dàpọ̀ wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tí wọ́n wá wòran. Ó gbọ́ mi. Kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Nígbà tí a dé ilé, bàbá mi gbé kíréènì náà sí abẹ́ iná. Ó fi àtàǹpàkò kan oríkèé rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè pé, "Ta ni ó fi gúlù sí ẹ̀rọ yìí?" Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo Dàpọ̀, mo rò pé yóò sọ tẹnu rẹ̀. Kò sọ ọ́. Dídákẹ́ tí ó dákẹ́ yẹn wúwo lórí mi ju pàṣán lọ. Mo ní, "Èmi ni, sà."

Bàbá mi kò nà mí. Ó ní, "Ẹ̀rọ tí kò ṣe é tú, kò ṣe é tún ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni mo fi ń de ẹ́ńjìnnì. Mo ń dè é kí ó le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó ṣí i. Irọ́ tí o pa mọ́ àbúrò rẹ yẹn, gúlù mìíràn ni. Ibi tí o ti lẹ̀ ẹ́ náà ni kí o ti lọ tú u."

Ní ọjọ́ Ajé, mo dìde níwájú olùkọ́ àti gbogbo kíláàsì, mo sì sọ òtítọ́. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí wọ́n pe Dàpọ̀ wá kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tọrọ rẹ̀. Dàpọ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kò fọwọ́ kan páálí náà, èmi náà kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, mo gbé páálí lọ bá a. Mo ní, "Ìwọ ni kí o ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ó máa ṣa ẹ̀yà fún ọ." Ó wò mí pẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Eléyín ogójì kò sí mọ́, nítorí náà ó ń tú ìsàlẹ̀ páálí kiri. Níbẹ̀ ni ó ti rí jíà kan tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀ rí. Kò ní eyín bí àwọn yòókù. Ìlà wé mọ́ ọn lára bí ti síkúrúù. Ó fi í sí ọ̀pá ọwọ́, ó sì fi eléyín mẹ́rìnlélógún sí ọ̀pá okùn. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, eyín kan péré ni jíà kejì ń sún. Èyí ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún ni ọwọ́ yóò yí kí ọ̀pá okùn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó falẹ̀ bí ìgbín, ṣùgbọ́n nígbà tí Dàpọ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, agolo tòmátò kò já bọ́. Ó dúró sí òfurufú, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Jíà onísíkúrúù lè yí èkejì, ṣùgbọ́n èkejì kò lè yí i padà. Ohun tí a ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, ìsàlẹ̀ páálí ni ó sì wà. Àwa méjèèjì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wa fi sáré wọlé.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, àpòòwé kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí mi ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ti lọ bá àwọn tí ń ta àlòkù ẹ̀yà bíríkì náà ní ẹyọ ẹyọ, ó sì ra jíà eléyín ogójì kan fún wa. Èmi ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àpòòwé náà. Dàpọ̀ ni mo gbé e fún.

Títí di òní olónìí, kíréènì onígúlù ṣì wà lórí pẹpẹ nínú yàrá wa. Kò gbé ẹrù, kò sì ṣe é sọ di nǹkan mìíràn. Bíríkì yòókù ti di ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ti di afárá, wọ́n ti di ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n sì tún ti padà di bíríkì. Bí ẹ bá wọ yàrá wa, ẹ ó mọ èyí tí ó wà láàyè nínú wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ràn eré yìí ju bọ́ọ̀lù àti ayò lọ, èsì mi kò gùn. Eré yìí kọ́ mi pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn tú ohun tí ó ti ṣe, kí ó wo ibi tí ó ti ṣìnà, kí ó sì tún un tò. Ìtìjú wà nínú fífi gúlù bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bí iṣẹ́ yín bá kọ̀ tí kò yí, yálà iṣẹ́ ọwọ́ ni o, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín ti sọ, ẹ má ṣe fi ipá yí i. Ẹ tú u.